Ọ̀já tí Wọ́n Hun fún Mi Nínú Igbó Agbọ́ṣe

Ẹ dá ẹ̀rín yẹn dúró ná. Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí ẹni tí kò bá rí àga jókòó sórí páálí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wá, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi Ọdẹ́fúnkẹ́ láàárọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ mọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ẹ ti ń tẹ ọ̀rọ̀. Òun ló ń sọ fún yín pé ibi báyìí lẹ dé nínú iṣẹ́ yín. Òun ló ń sọ bóyá ohun tí ẹ bá tẹ̀ báyìí máa jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tàbí àṣẹ tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé, òun náà ló sì ń sọ bóyá iṣẹ́ tí ẹ ṣe ti wà ní ìpamọ́. Ọmọ mi ní ìlà náà gbẹ, kò lẹ́wà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ó fi aago sí i, ó fi ọjọ́ òní sí i, ó fi bí bátìrì ṣe kù sí sí i, ó fi bóyá òjò máa rọ̀ sí i, ó tún wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i pẹ̀lú òdòdó lọ́tùn-ún lósì. Ìlà kún. Àmì kékeré tó ń sọ pé iṣẹ́ ò tíì wà ní ìpamọ́ bọ́ kọjá etí ìlà, kò rí i mọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó lọ mu ẹ̀kọ, nígbà tó máa fi dé, gbogbo ohun tó ti ń tẹ̀ láti àárọ̀ ti lọ. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àbúrò mi lọ́wọ́ mi nígbà tí kọ̀ǹpútà kankan ò tíì dé ìlú yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí mi tí mò ń fi ọ̀pá rìn yìí, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi. Èmi Ọdẹ́jìnmí ti rìn nínú igbó tí oòrùn ò mọ̀ pé ó wà. Ẹfọ̀n ti fi ìwo ya ṣòkòtò mi rí, mo sì fi awọ ẹfọ̀n náà rán òmíràn. Ìbọn mi ní orúkọ nígbà náà, àwọn ajá mi ní orúkọ, ẹgbẹ́ ọdẹ fi mí jẹ oyè, èmi fúnra mi sì ní oríkì tí ìyá mi fi máa ń kí mi láàárọ̀ tí orí mi á máa wú bíi búrẹ́dì nínú ààrò. Ẹ fẹ́ mọ oríkì náà? Ẹ ní sùúrù, a máa dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé igbó.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, Ọdẹ́dìran, ọdẹ bíi tèmi, àfi pé òun máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ó lé ìgalà tó ti yìn níbọn lọ, ìgalà náà sì fo odò wọ Igbó Agbọ́ṣe. Ó tẹ̀ lé e. A ò rí i mọ́. Àwa ọdẹ tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé etí odò, gbogbo wọn sì yí padà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti máa ń yí padà láti ìgbà ayé àwọn bàbá wa. Èmi náà yí padà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a délé, ìyá wa ò sunkún. Ó kàn ń se oúnjẹ tirẹ̀ lójoojúmọ́, á bù ú, á bò ó, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á dà á fún adìyẹ. Ẹni bá rí obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún ẹni tí kò sí nílé á mọ̀ pé ẹkún sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè wo àwo yẹn mọ́. Mo gbé ìbọn, mo so àwọn ajá mọ́lẹ̀, mo sọ fún ìyá mi pé n ò ní dé láìmú un bọ̀, mo sì sọdá odò.

Kò pẹ́ tí mo sọdá tí mo fi gbọ́ ìró òfì, kẹ̀rẹ̀kẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀, bí ẹni tó ń hunṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá arúgbó kan ló jókòó sídìí igi, ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, ìka rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo lè kà láìdà bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ó sì fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ etí kan dé ìkejì. Mo ti rí iwin tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i kú iṣẹ́. Ó dáhùn pé “Àrìnpa o, ọdẹ,” bí ẹni pé a ti jọ ń gbé àdúgbò kan náà tipẹ́. Ó wá bi mí léèrè pé, “Kí ni ohun tí o fẹ́ máa rí nígbà tí o bá ń wo nǹkan mìíràn?”

Mo ní, “Ìyá, ojú méjì péré ni mo ní, ibì kan náà sì ni àwọn méjèèjì máa ń wò.”

Ó ní, “Ìdí nìyẹn tí mo fi ń hun ọ̀já. Ìsàlẹ̀ ohunkóhun tí o bá wò ló máa wà. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń hun sí i fún ẹni tí kò bá bèèrè nǹkan kan: àwọ̀ igbó, ibi tí o dé, àti kókó pupa. Tí o bá fẹ́ òmíràn, sọ ọ́, màá hun ún síwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀já ò lè fẹ̀ ju bí ojú rẹ ṣe fẹ̀ lọ. Èyí tó bá kù sẹ́yìn máa já sílẹ̀.”

Ẹ wò ó, ibí yìí ni mo ti ṣìṣe, irú àṣìṣe tó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ló lè ṣe é. Láàárín àwa ọdẹ ìgbà náà, bí o bá wọ igbó tí kì í ṣe tìrẹ, o ní láti kéde ara rẹ kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè mọ ẹni tó dé. Mo rò pé ohun tí ọ̀já wà fún nìyẹn. Mo rò pé igbó ló máa máa kà mí. Mo bá ní kí ìyá hun orúkọ mi, kó hun oríkì mi, kó hun oyè tí ẹgbẹ́ fi mí jẹ, kó hun orúkọ ìbọn mi, kó sì má gbàgbé àwọn ajá mi bí wọn ò tilẹ̀ bá mi wá. Mi ò bèèrè ohun tí mẹ́ta àkọ́kọ́ wà fún, torí mi ò fẹ́ kó rò pé n ò mọ igbó. Ó hun ún. Kò jiyàn. Nígbà tó parí, mo gbójú sókè wo igi, mo rí ọ̀já náà nídìí igi. Mo wo òkè, mo rí i létí ọ̀run, orúkọ mi àti ti ìbọn mi àti ti ajá mi tò lọ gbọọrọ, ó lẹ́wà lójú mi. Mo ń rìn lọ, mo ń wo orúkọ ara mi, inú mi ń dùn.

Bí mo ṣe ń wo orúkọ ni mo fẹsẹ̀ òsì kọ gbòǹgbò. Ó dùn mí díẹ̀, mo sì gbójú kúrò. Ẹnu wá ń yún mi bó ṣe máa ń yún ọdẹ tó bá dá rìn. Mo ki ìjálá erin bọnu. Mo ní kí erin jáde wá, kí n rí i, kó rí mi, kí àwa méjèèjì mọ ẹni tó ni ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fẹ́ kí erin wá ní tòótọ́, a kàn ń yìn ín ni. Àmọ́ kí n tó mí èémí, erin ti dúró síwájú mi, màrìwò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì korò bíi ti ẹni tí wọ́n pè kúrò nídìí oúnjẹ.

Ó ní, “Ìwọ lo pè mí.”

Mo ní, “Ẹ dákun, Bàbá, orin lásán ni mò ń kọ. Ojú ń tì mí. Kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé.” Ilẹ̀ lanu. Mo wọlé dé ìbàdí, ó sì pa dé mọ́ mi lára.

Erin gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó nà án sórí fìlà mi. Mo rí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí èso kan tó há sí i láàárín. Ẹ̀rù bà mí gidi, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n orí mi ń ṣiṣẹ́. Mo rò ó pé bí ẹnu mi bá lè mú erin wá tipátipá, á jẹ́ pé erin yìí ò wá fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò lè lọ fúnra rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, bí ẹ bá tẹ̀ mí, ta ni ó máa dá yín padà sídìí oúnjẹ yín?”

Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ màrìwò ẹnu rẹ̀ tán, ó wá ní, “O gbọ́n ju èyí tó wá ṣáájú rẹ lọ. Àwọ̀ wo ni ọ̀já rẹ?”

“Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Ǹjẹ́ orúkọ rẹ sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ òsì lo fi kọ gbòǹgbò?”

Ó wá ṣàlàyé bí ẹni tó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ òmùgọ̀. Ó ní ìṣe méjì ni igbó yìí ní. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ ọ̀tún kọ, ọ̀rọ̀ á máa jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀já á funfun bí òwú. Bó bá fi ẹsẹ̀ òsì kọ, ohunkóhun tó bá jáde lẹ́nu ènìyàn kankan àṣẹ ni, igbó á ṣe é lójú ẹsẹ̀, ọ̀já á sì dúdú bí aró. Igi ò ní yí padà, ewé ò ní yí padà, kò sí ibi tí o lè wò tí wàá fi mọ̀ àfi ọ̀já. Ó ní ohun tí igbó bá ṣe, bí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ ò bá sọ pé “Kó rí bẹ́ẹ̀ títí” kí òun tàbí ẹni tí àṣẹ náà bá mú tó sọdá odò, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Kókó pupa ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì sọ. Mo bi í nípa àbúrò mi. Ó ní, “Ẹni yẹn sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó, ó ní òun ò lè gbẹ́sẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Kò gbẹ́sẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Bí o bá kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń là, ìdí àràbà ló wà. Ó yá, dá mi padà.” Mo kọ́kọ́ ní kí ilẹ̀ tú mi sílẹ̀, ó tú mi sílẹ̀. Mo wá ní kí erin padà sídìí màrìwò rẹ̀. Ó ti lọ kí n tó pa ẹnu dé, n kò sì tíì ki ìjálá erin láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá tilẹ̀ bẹ̀ mí.

Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi, mo padà sọ́dọ̀ ìyá. Ó ṣì ń hunṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún ọ̀já mi ṣe, mo sọ ohun tí mo rò nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wò mí pẹ̀lú ojú gbàgàdà yẹn, ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé igbó ń kà á? Ojú tìrẹ nìkan ló wà fún. Ṣé o ti gbàgbé orúkọ rẹ ni, tó fi jẹ́ pé o ní láti máa kà á?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ erin lọ. Ó wá sọ òfin iṣẹ́ rẹ̀: ohun tí ó bá tú kúrò lára ọ̀já, tirẹ̀ ni, kì í dá a padà.

Mo ní kó tú orúkọ ìbọn kúrò. Ó tú u, láti ọjọ́ náà ìbọn ni mò ń pe ìbọn. Ó tú oyè mi, ó tú orúkọ àwọn ajá. Ààyè yọ, ó hun àwọ̀ igbó sí i, ó hun ibi tí mo dé sí i. Ó ku kókó pupa, kò sì sí ààyè. Orúkọ mi àti oríkì mi nìkan ló kù níwájú. Mo ní kó hun àwọn lẹ́tà wọn kéékèèké. Ó ní àṣẹ igbó kì í mú òun, ojú mi ò sì lè ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi ibi tí mo dé sílẹ̀. Ó ní báwo ni mo ṣe fẹ́ rí odò nínú igbó tí gbogbo igi rẹ̀ jọra. Mo ní màá fún un ní itan ẹtu. Ó ní òun kì í jẹran. Mo wá jókòó, mo rò ó. Orúkọ mi ni bàbá mi sọ mí, òun ni àwọn ọmọ mi á máa jẹ́ lẹ́yìn mi, òun ni gbogbo ọjà mọ̀. Oríkì ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi pè mí. Mo ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní kó mú oríkì. Ìka rẹ̀ kan gbé e kúrò bí ẹní ń mú òwú kúrò lára aṣọ, ó sì hun ún mọ́ aṣọ gígùn kan tó ká sẹ́yìn rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni mo wá a nínú ara mi tí n kò rí i. Ó dàbí ìgbà tí eyín bá bọ́ tí ahọ́n ń lọ síbẹ̀.

Mo bá ọ̀nà lọ. Nísinsìnyí ọ̀já mi ò lẹ́wà mọ́, àmọ́ mo ń rí nǹkan. Ó dúdú bí aró, torí náà mi ò sọ̀rọ̀, mi ò tilẹ̀ sín. Mo rí Ọdẹ́dìran nídìí àràbà, ewéko ti ń hù lórí fìlà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi gbòǹgbò. Bó ṣe rí mi ló lanu. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti...” Mo fò lé e, mo fi ọwọ́ méjèèjì dí i lẹ́nu. Mo mọ àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ pé òun ti kú, bó ṣe máa ń sọ nígbàkigbà tí ebi bá pa á. Ó ń jà, ó ń fi ojú bi mí léèrè bóyá orí mi ti yí. Mo ń dì í mú, mo ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wá gbòǹgbò. Mo kọ ọ́. Ọ̀já funfun. Mo tú u sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kú tán,” kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwa méjèèjì sunkún níbẹ̀, ọkùnrin méjì tó ń pa ẹfọ̀n, nínú igbó, ní ọ̀sán gangan. Mo sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi délé. Mo fẹsẹ̀ òsì kọ gbòǹgbò, mo ní, “Ọdẹ́dìran, gbẹ́sẹ̀ rẹ.” Ó dìde. Kókó pupa yọ létí ọ̀já, ó pọ́n bí ẹyin iná.

Mo ń wo ibi tí a dé lórí ọ̀já títí a fi dé odò. Bí Ọdẹ́dìran ṣe gbọ́ ìró omi ló sáré. Mo wo ìsàlẹ̀ odò, mo rí kókó pupa. Mo pariwo pé, “Kó rí bẹ́ẹ̀ títí!” Kókó ò kúrò. Ẹsẹ̀ àbúrò mi kan ti wà nínú omi. Mo tún ọ̀já wò, ó funfun. Mo ti fẹsẹ̀ ọ̀tún kọ nǹkan lọ́nà láìmọ̀. Kò sí gbòǹgbò nítòsí, àpáta nìkan ló wà. Mo fi gbogbo agbára mi fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Ẹ wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yìí, èékánná rẹ̀ ò hù dáadáa mọ́ títí dòní. Ọ̀já dúdú. Mo fi ẹ̀rọ̀ sọ ọ́ torí ìrora ò jẹ́ kí n lè pariwo: “Kó rí bẹ́ẹ̀ títí.” Kókó kú. A sọdá odò papọ̀, ọ̀já náà sì parẹ́ lójú mi.

Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo oúnjẹ náà nígbà tí a dé. Àwọn ajá mi gbó mi bí olè, mi ò sì ní orúkọ tí mo lè fi bá wọn wí. Ìyá wa dìde. Ó di àbúrò mi mú, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń fi oríkì rẹ̀ pè é, “Àdìgún, Àdìgún ọmọ mi.” Ó wá kọjú sí mi. Ó na ọwọ́, ó lanu, ó dúró. Mo rí i tó ń wá oríkì mi. Ojú rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ síbì kan. Ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, káàbọ̀,” bí gbogbo ọjà ṣe máa ń pè mí. Ó dùn mí, ó dùn mí dé egungun. Ó dun òun náà, torí ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ yìí wá. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Ọdẹ́dìran tó máa ń sọ̀rọ̀ jù gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ síwájú mi. Ó wá ní, “Màmá, ẹ máa fi tèmi pè é. Ó tó àwa méjèèjì.” Láti ọjọ́ náà títí ìyá wa fi lọ, bó bá pe Àdìgún láti inú ilé ìdáná, ọkùnrin méjì ló ń dáhùn.

Ẹ bi Ọdẹ́dìran bí irọ́ bá wà níbẹ̀. Òun ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn tó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Ọmọ mi ní, “Bàbá, kí ni kí n yọ kúrò níbẹ̀?” Ọdẹ́fúnkẹ́, ohun tí o ti mọ̀ láìwo ìlà ni kí o yọ. O mọ orúkọ rẹ. Bí òjò bá ń bọ̀, wíńdò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Dá àmì yẹn padà síwájú, kó ṣáájú ohun gbogbo. Tí o bá fẹ́ràn òdòdó, gbìn ín sí ìta.

Ṣé ẹ gbọ́ ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé? Iṣu ti jinná. Àdìgún ló ń pè. Ẹ wò ó, ẹni tó ní òun ń sùn ti dìde, èmi náà ń bọ̀.